Omi Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀nà Títọ́ Àìná

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú tàksí níwájú ilé mi ní Kétu, ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni gbogbo ẹni tó wá kí mi ń bi mí. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹja tí kò kan iná? Ṣé òtútù ibẹ̀ lè pa èèyàn? Àìná ńkọ́, ìgbà wo ló ń bọ̀? Àwọn kan sì tún wà láàrin yín tí wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò mí nírọ̀lẹ́ tí mo bá ń da omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ pé àgbà ti ń dé sí mètirẹ̀ẹ̀sì, èmi tíṣà wọn àtijọ́.

Ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ rọrùn. Wọ́n ń jẹ ẹ́, mo sì jẹ ẹ́. Òtútù ibẹ̀ ń bu èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n kò pa mí. Ìbéèrè kẹta ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí ó ti rẹ̀ mí láti máa fi ẹnu sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Kpankou tó wà lẹ́bàá Kétu ni wọ́n bí mi sí, ilé-ìwé ọmọdé ni mo sì ti kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti ọkọ mi kí ọkọ mi tó lọ. Ọmọ náà, Àìná, kàwé ní Kútọnu, ó kà á ní ilẹ̀ Faransé, ìwé náà gbé e dé ilẹ̀ Jàpáànù, lẹ́bàá òkè kan ní apá àríwá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó bóyá ó ṣeé ṣe láti gbẹ́ ihò gbọọrọ kan sábẹ́ òkè, tó gùn tó ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ máa rìn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí kò ní yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, kí wọ́n lè mú àwọn ohun tín-ín-tìn-tín sáré nínú rẹ̀ láti orí méjèèjì, kí wọ́n forí gbárí ní àárín.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ bò fún ara wa, ẹ̀yin gbogbo mọ̀ pé mo lọ wo ọmọ mi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo lọ láti mú un wálé ni. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé bí wọ́n bá gbà láti gbẹ́ ihò náà, ibẹ̀ ni òun máa wà títí irun òun á fi funfun. Bí kò bá ṣeé ṣe, á di ẹrù rẹ̀, á wá máa kọ́ni nílé. Nítorí náà, láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ ní Kétu, tí mò ń bẹ Ọlọ́run kí òkè náà kọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé Fumi

Ìrìn ọkọ̀ òfurufú kò ní ìtàn. Èèyàn jókòó, wọ́n fún un lóúnjẹ, ó sùn, ó jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Abúlé tí Àìná ń gbé ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rò pé ibi tí wọ́n bá ti ń ro irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á kún fún ilé gíga àti iná. Oko ni mo bá. Oko ìrẹsì, òkè yí i ká, àwọn arúgbó tẹ̀ba sínú ẹrẹ̀, ọ̀dọ́ ò pọ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Abúlé wa Odomèta rèé." Àìná rẹ́rìn-ín, ara mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Ilé opó kan ló gba yàrá sí. Orúkọ obìnrin náà ni Fumi. Mo ní, "Fúnmi ti ibo?" Àìná ní orúkọ tiwọn ni, kì í ṣe tiwa. Mo ní kò burú, ẹni tó bá ń jẹ́ Fúnmi ti di èèyàn mi ná. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí etí odò kò lè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa. Lórí òkè Kétu wa níbí, ilẹ̀ pupa ni, omi rẹ̀ sì jìn. Orí ni ìyá mi fi ń ru omi wálé láti ọ̀nà jíjìn kí fọ̀rájì, kànga ẹ̀rọ, tó dé, omi òjò la sì ń gbé pamọ́ bí ẹni ń gbé ohun ọ̀ṣọ́ pamọ́. Ní ilé tiwa, a kì í da omi sílẹ̀ lásán. Ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò nìkan là ń da omi tútù sí ẹnu ọ̀nà fún, igbá kékeré kan péré. Àgbà ilé á wá sọ pé, "O ó lọ ire, o ó bọ̀ ire." Ìgbà tí Àìná kọ́kọ́ lọ, èmi ni mo da tirẹ̀.

Ẹ wá wò ó nísinsìnyí. Bí a ṣe dé iwájú ilé, obìnrin yìí dúró ti garawa kan, ó ń fi igbá onígi ọlọ́wọ́ gígùn bu omi, ó sì ń wọ́n ọn sílẹ̀, igbá lé igbá. Mo di Àìná lápá mú.

"Ta ló ń lọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lọ, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ń bọ̀. Wọ́n máa ń wọ́n omi kí ilẹ̀ lè tutù de àlejò."

"Fún ẹni tó ń bọ̀?"

"Ẹ̀n, ẹni tó ń bọ̀ ni."

Mo wo inú garawa náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí ó jù mí lọ. Òun náà tẹrí ba. Mo rí i pé ó fẹ́ lọ sílẹ̀ jù mí, mo tún lọ sílẹ̀ sí i. Òun náà tún lọ. Àìná ní bí òun ò bá dá wa dúró, ilẹ̀ ibẹ̀ la máa sùn sí.

Omi ìwẹ̀

Oúnjẹ wọn kì í pariwo. Ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ra, ọbẹ̀ olómi kan tó ní òórùn ẹ̀wà tó ti kan, ẹja, ewébẹ̀ oníyọ̀, àti èso pupa kan tó kan tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi méjèèjì fi padé. Fumi bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Lọ́jọ́ kejì mo fún un ní gàrí wa, mo fi omi tútù àti ṣúgà sí i. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ojú wá ibi tí àpò náà wà. Láti ọjọ́ náà ni gàrí ti ń bá ìrẹsì jókòó lórí tábìlì. Ohun kan ṣoṣo ló le fún mi: bí wọ́n bá ń jẹ sùbà wọn, oúnjẹ gbọọrọ bí okùn, wọ́n máa ń fà á pẹ̀lú ariwo, bí ariwo bá sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dùn mọ́ni tó. Ọmọ ilé-ìwé mélòó ni mo ti bá wí nítorí ariwo yẹn! Mo gbìyànjú rẹ̀, ó sì bọ́ sí mi láṣọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, Fumi ní kí n lọ wẹ̀, pé àlejò ló ń kọ́kọ́ wẹ̀. Mo wọlé, mo bá ọpọ́n ńlá kan tó kún dé ẹnu, omi gbígbóná. Mo mọ̀ pé omi gbogbo ilé ni. Mo bu abọ́ kékeré kan, mo fi ọgbọ́n wẹ̀ bí a ṣe ń wẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo jáde. Fumi wọlé lọ wò ó, ó jáde, ó sì bá Àìná sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Màmá, wọ́n ní ṣé omi náà gbóná jù ni? Ẹ ò fọwọ́ kàn án."

"Mo fọwọ́ kàn án o. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún yín ni."

Àìná túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó mú mi padà síbẹ̀, ó fi ọwọ́ júwe pé kí n wọ inú rẹ̀ lọ, kí n jókòó. Mo jókòó. Omi náà dé ọrùn mi, ibi tó máa ń ro ìyá mi tó bá ru kèǹgbè omi wálé. Mo sunkún níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, ìyá mi sì ń ṣe mí láàánú.

Ohun tó ń lọ tí kì í yí padà

Lọ́jọ́ kan Àìná mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé irin fàdákà kan sórí tábìlì, ó ní ikùn lẹ́sẹẹsẹ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ó ní inú irú irin bẹ́ẹ̀, tí wọ́n mú tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, ni wọ́n máa ti máa ti àwọn ohun tín-ín-tìn-tín náà síwájú. Bí wọ́n bá forí gbárí, a lè rí ohun tí ayé fi dúró. Mo ní ó yé mi, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pa ẹ̀kùrọ́.

"Ó jọ ọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀kùrọ́ nìkan lẹ lè bá níbẹ̀. Níbi tèyí, ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè bẹ́ jáde."

Ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Yúróòpù, òrùka ni èyíinì. Ohun tí wọ́n rán jáde nínú rẹ̀ ń yí po. Bí kò bá pàdé ẹnìkejì rẹ̀, á tún yí dé. Ṣùgbọ́n elétírọ́ọ̀nù, ohun tín-ín-tìn-tín tí wọ́n fẹ́ rán níbí, fúyẹ́ púpọ̀.

"Ẹ ò rí alùpùpù zémì, bó bá fẹ́ yà ní kọ́nà, ó gbọ́dọ̀ dín eré kù? Èyí náà, bó bá ń yà, agbára rẹ̀ á máa dà nù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ tọ́."

"Bó bá wá tàsé ẹnìkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti kọjá nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

"Kò ní padà?"

"Kò ní padà, Màmá."

Mo wo irin náà, mo wo ọmọ mi. N kò fẹ́ràn ọ̀nà náà rárá. Mo bi í bóyá ó ṣeé ṣe ní tòótọ́. Ó ní ti irin ti yé wọn. Ti kí ìlà méjì tó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì pàdé ara wọn lójú ẹsẹ̀, ó le, ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò ní kékeré. Àwọn orílẹ̀-èdè tí yóò dá a pọ̀ ló ń wo ara wọn lójú bí àlejò tó yí àwo ká, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ bu òkèlè. Èyí tó kù ni ilẹ̀.

"Ṣé ilẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́? Ṣé omi kò pọ̀ jù nínú òkúta rẹ̀? Ìyẹn ni iṣẹ́ tèmi."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ rí bó ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọdé tó kọ́kọ́ ka ìwé jáde lẹ́nu. Mo yí ojú kúrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ń jẹun, Fumi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó rọra ń sọ ọ́, Àìná ń túmọ̀. Ó ní òun bí ọmọkùnrin kan. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe ní ìlú ńlá, ìgbà ọdún àwọn òkú nìkan ló ń wálé. Ọmọ náà ti sọ fún un pé bí wọ́n bá kọ́ ohun abẹ́ òkè yìí, iṣẹ́ á wà fún ọwọ́ irú tòun, òun á sì padà wá gbé inú ilé yìí. Fumi ní láràárọ̀ ni òun ń bẹ òkè náà kó gbà.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ni èmi ń fẹ́.

Ojú Àìná wà nínú abọ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn mọ ohun tó wà níkùn mi, n kò sọ ọ́ fún un rí, ó kàn mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Sọ fún wọn pé kí Ọlọ́run ṣe èyí tó dáa."

"Màmá, ṣé kí n túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Fumi tẹrí ba fún mi, ó mú ẹja tó dáa jù nínú àwo rẹ̀, ó gbé e sínú tèmi. Ẹja náà dùn, mo sì jẹ ẹ́ tán. Abiyamọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan, ọ̀kan ní kó gbà, ọ̀kan ní kó kọ̀, ọ̀kan sì ń bọ́ èkejì.

Ibi tí omi ti tú

Níkẹyìn Àìná mú mi dé sàntíà wọn, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Wọ́n ti ń lu ilẹ̀ wò níbẹ̀ ní ọ̀nà tí ihò náà máa gbà. Àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan wà níbẹ̀, àti ọ̀gá Àìná, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ náà ń kùn, wọ́n ń fa òkúta jáde ní gbọọrọ gbọọrọ. Lójijì ó pariwo lọ́nà mìíràn, omi sì tú jáde lẹ́nu páìpù náà. Omi funfun báláú. Ó ń tú, kò dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin ará Kétu, kí lẹ rò pé mo ṣe?

Mo figbe ta. Mo ní, "Omi dé o! Ẹ kú oríire! Ọwọ́ yín á máa ba ire!" Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbọ́n ọn, mo mu ún, mo fi ra orí, mo sì dá orin tí àwọn obìnrin wa dá ní Kpankou lọ́jọ́ tí fọ̀rájì àkọ́kọ́ fún wa lómi. Mo na ọwọ́ sí Àìná kó wá gbe orin.

Kò sẹ́ni tó gbe é. Àwọn ọkùnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n wá túfọ̀ fún. Mo wo ojú ọmọ mi, omi wà nínú rẹ̀, kì í ṣe omi páìpù.

"Màmá, ibí yìí kọ́ ló yẹ kí omi wà."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ohun tí mo fi gbogbo àárọ̀ tọrọ ló tú jáde lójú mi yìí, mo sì tún ń jó sí i. Ọ̀gá wọn bi Àìná ní nǹkan kan, Àìná sì dá a lóhùn pẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ "Kétu" nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ohun tó sọ ni pé níbi tí ìyá òun ti wá, ẹni tó bá rí omi, wọ́n ń bá a yọ̀ ni. Ọkùnrin àgbàlagbà náà ṣí akoto rẹ̀. Ó wá síbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó bu omi náà, ó fi bọ́jú, ó tẹrí ba fún mi, ó fà mí dìde. Àwọn yòókù wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bọ́jú. Àìná ló bọ́jú kẹ́yìn.

Omi náà dùn o. N kò tíì mu irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì le fún mi, torí n kò mọ ibi tí mo máa gbé àdúrà àná sí. Mo gbọ́ tí Fumi ń rìn nínú ilé, ó ń se ìrẹsì fún ọmọ mi bó ṣe ń ṣe láti ọdún mélòó kan wá. Mo rántí ojú Àìná lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Mo ní, "Olúwa, jẹ́ kí ilẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́ fún un." Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ tán.

Ìdágbére

Wọ́n ní àwọn á sún ìlà náà sápá kan díẹ̀, àwọn á tún lu ilẹ̀ wò. Àwọn ìjọba kò tíì sọ̀rọ̀. Bó ṣe rí títí di òní nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀, Fumi ti gbé garawa rẹ̀ síta. Àìná ti sọ àṣà ilé wa fún un, ó sì fẹ́ da omi fún mi bí mo ṣe ń lọ. Mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo yí sí Àìná, mo ní kó bọ́ sí iwájú mi.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ń lọ."

"Dúró síbẹ̀."

Èmi ni ọkọ̀ ń dúró dè lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn. Mo da omi náà sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "O ó lọ ire."

Ó tẹ orí ba, ó ń retí ìyókù. N kò sọ ọ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé kó padà á máa bojú wẹ̀yìn, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi kò sì fẹ́ ìyẹn.

"Màmá, ó ku kan."

"Mo mọ̀. Mo fi í sílé. Ọjọ́ tó o bá dé ibẹ̀ lo máa gbọ́ ọ."

Ó gbá mi mọ́ra, Fumi gbá àwa méjèèjì mọ́ra, obìnrin tí wọ́n ní àwọn èèyàn rẹ̀ kì í gbá ara wọn mọ́ra ní gbangba. Mo sọ fún un ní Yorùbá pé ọmọ rẹ̀ á wálé. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀, ó sì ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ìdáhùn ìbéèrè yín kẹta nìyí: n kò mọ ìgbà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí mi nírọ̀lẹ́, tí ẹ ń sọ pé mo ń fi omi ṣòfò, ẹni tó ń lọ kọ́ ni mò ń dà á fún. Mo kọ́ ọ lọ́wọ́ Fumi. Bí ọmọ mi bá dé lójijì, ẹnu ọ̀nà mi á ti tutù.